Ilé Ìwẹ̀ Tí A Pè Ní Ilé

Kettle Ridge, Minnesota
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, 1933

Impi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Urho ọkọ rẹ, mo kí Elvi ọmọ-ọmọ mi, ẹni tí mo mọ̀ pé yóò ti ga ju tábìlì lọ báyìí. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Èmi náà kú ọ̀fọ̀. Wáyà tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ sí ọ kò gbà ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ìyókù níbí. Bàbá rẹ kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó kọjá, ní ilé ìwòsàn, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Àyà rẹ̀ ni. Eruku irin tó ti fi ogún ọdún fà símú ni kò jẹ́ kó rí èémí mí mọ́. Àwa márùn-ún la dúró ti sàréè, a sì ka pásítọ̀ mọ́ ọn.

Ife kọfí méjì ni mo ṣì ń gbé sórí tábìlì láràárọ̀. Ìgbà tí mo bá bu èkejì tán ni mo tó ń rántí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣeé fi falẹ̀. Kòtò tí wọ́n ti ń wa irin ti dé ẹ̀yìn òpópónà wa. Iléeṣẹ́ tó ni ilẹ̀ ti fún gbogbo wa ní ìwé: kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, kí oníkálukú kó ilé rẹ̀ kúrò. Èyí tó bá kù, wọn á dáná sun ún. Mo ti ta ilé ńlá wa fún ẹni tó fẹ́ pákó rẹ̀, màá sì lọ gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìwẹ̀ ló kù, sáúnà wa tó wà lẹ́yìnkùlé. Bàbá rẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé tìrẹ ni, nítorí inú rẹ̀ la bí ọ sí. N kò lè tà á, n kò lè fi tọrẹ, n kò sì fẹ́ kó jóná.

Ìgbìmọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ìlú wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń wá ilé igi àtijọ́ kan tí wọn yóò gbé sí àárín ọgbà, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè máa wá wò ó. Ìyáàfin Thorndike, alága wọn, tẹrí ba wọlé, ó fọwọ́ kan ògiri, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú fún èéfín. Ó pariwo pé, “Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìyà tó! Ilé àkọ́kọ́ ní ìlú yìí nìyí!” Ó wo pẹpẹ tí a máa ń jókòó lé nígbà tí ooru bá gòkè, ó ní, “Ibùsùn wọn rèé.” Isak Pelto aládùúgbò wa ló bá mi ṣílẹ̀kùn. Ó fi èdè wa, tí Ìyáàfin náà kò gbọ́, sọ fún mi pé, “Ìyá Impi, má dá a lóhùn. Bó bá rí ìdì ewé tí a fi ń na ara wa nínú ooru, yóò ní ìgbálẹ̀ ni.” Ó rí i. Ó ní ìgbálẹ̀ ni. Isak bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, ó lọ fi ẹ̀rín rẹ̀ sínú yìnyín.

Wọ́n ní àwọn yóò tú u jẹ́jẹ́, àwọn yóò sì tún un tò bó ṣe wà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìwé láti ọwọ́ rẹ pé o yọ̀ǹda rẹ̀, àti pé ilé tí ìdílé wa ń gbé ni. Tètè fi ránṣẹ́. Lẹ́tà ń lo bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lójú omi.

Èmi ìyá rẹ,
Saima Ylinen


Petroskoi, Karelia
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní, 1934

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àfẹ́kù Bàbá. Mo ka lẹ́tà yín títí ibi tí mo ká a sí fi fàya. Urho wà nínú igbó láti oṣù kan sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń gé gẹdú. Ó kí yín. Elvi ń lọ sí ilé-ìwé, wọ́n ti fi í ṣe akọrin. Àlàáfíà la wà. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti kọfí díẹ̀ ránṣẹ́.

Màmá, ohun kan wà tí mo wá nínú lẹ́tà yín tí n kò rí. Ta ló wẹ Bàbá? Ẹ sọ ibi tó kú sí, ẹ sọ iye ènìyàn tó dúró ti sàréè, ẹ tilẹ̀ sọ ohun tí Isak wí nípa ìgbálẹ̀. Ẹ kò sọ ẹni tó gbé Bàbá wọ ilé ìwẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kú, ẹ̀yin lẹ dáná láti àárọ̀, ẹ tẹ́ wọn sórí pẹpẹ, ẹ ní kí n máa da omi díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń gba ọmọ tuntun náà ni wọ́n ti ń sin àgbà sọ́nà, àti pé ẹni tí a kò bá ti ibẹ̀ sìn, ojú ọ̀nà ni a fi í sílẹ̀ sí. Mo fẹ́ gbọ́ pé ẹ sin Bàbá sọ́nà.

Ní ti ìgbìmọ̀ yẹn, n kò ní fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, ọdún méjì gbáko ni iléeṣẹ́ tó ni ìlú náà fi lé Bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́? A ta màlúù. Nítorí irú wọn la ṣe kó wá sí ilẹ̀ ìjọba àwọn òṣìṣẹ́ yìí, kí òṣìṣẹ́ lè dúró lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n wá fẹ́ fi ilé ìwẹ̀ Bàbá ṣe ọ̀ṣọ́ fún ìlú, kí wọ́n sì tún purọ́ mọ́ ọn? Bàbá kò purọ́ rí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé sáúnà ni, Efraim Ylinen ló kọ́ ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jóná.

Ẹ dáhùn ìbéèrè mi.

Impi


Kettle Ridge
Ogúnjọ́ oṣù Kejì, 1934

Impi,

Ẹ kú òtútù, gbogbo yín. Lẹ́tà rẹ dé lánàá. “Kó jóná,” o wí. Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò ní gbóòórùn èéfín rẹ̀. Inú ilé ìwẹ̀ yẹn ni mo máa ń lọ sunkún sí, nítorí igi rẹ̀ nípọn, àwọn aládùúgbò kì í gbọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o kò lè rántí fún ọ. Nígbà tí a dé síbí ní 1892, kò sí ìlú, kò sí òpópónà. Àáké nìkan ni bàbá rẹ fi kọ́ ọ. Kò kan ìṣó kankan mọ́ ọn. Ó gbẹ́ orí ìtì igi kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè di ara wọn mú ní igun, èmi sì ń fi koríko múlọ́múlọ́ inú irà dí àárín wọn. Bí a ti ń ṣe nìyẹn nílé wa: ilé ìwẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ kọ́, a ó sì máa gbé inú rẹ̀ títí ilé ńlá yóò fi dìde. Ọdún méjì la gbé níbẹ̀, àwa méjì àti ewúrẹ́ kan. Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, bàbá rẹ wà lóde nínú yìnyín, ó ń la igi ìdáná tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Èyí tó là lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dáná rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá pè é ní ilé, kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Síbẹ̀ mo gbìyànjú òtítọ́ tí o fẹ́. Mo lọ bá Ìyáàfin Thorndike.

“Ìyáàfin, ilé ìwẹ̀ ni o.”

“Ìwẹ̀ báwo?”

“A ó dáná sábẹ́ òkúta láti àárọ̀, a ó jẹ́ kí èéfín jáde tán, a ó wá jókòó sínú ooru rẹ̀.”

“Ta ni àti ta ni?”

“Gbogbo wa. Ọkọ, aya, ọmọ, àlejò.”

“Ẹ kì í bọ́ṣọ ṣá?”

Mo ní a máa ń bọ́ ọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí iná. “Ìyáàfin Ylinen, àwọn ọmọdé ni yóò máa wò ó! A kò lè gbé balùwẹ̀ sí àárín ọgbà ìlú. Ilé ni, tàbí kí a wá òmíràn lọ. Àwọn ará Sweden kan ní òmíràn lẹ́yìn odò.”

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àádọ́rin ọjọ́ ló kù, lẹ́tà kan ní àlọ àti àbọ̀ yóò jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Mo ti di abẹ́rẹ́ àti kọfí sínú ẹrù kékeré kan. Ìbéèrè tí o bi mí, fi í sílẹ̀ ná. Kọ ìwé náà, Impi. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́.

Saima ìyá rẹ


Petroskoi
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 1934

Màmá,

Ẹ kú àdágbé. Lẹ́tà yín dé, abẹ́rẹ́ dé, kọfí kò dé. Ẹ má fi kọfí ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ kò dá mi lóhùn. Ẹ kọ ìwé rẹpẹtẹ nípa ọjọ́ tí ẹ bí mi, ẹ kò kọ ìlà kan nípa ọjọ́ tí Bàbá kú. Mo mọ̀ yín, bí nǹkan bá ti ń dùn yín ni ẹ máa ń sọ̀tàn. N kò lè fi ọwọ́ mi kọ ọ́ pé ilé ìwẹ̀ ni ilé. Ẹ má bínú. Bí mo bá gbà pé wọ́n lè yí ìyẹn padà, kí ló kù tí n kò ní gbà?

Níbí, wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà wa sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó má baà sọnù ni. Wọ́n ń pe àwa tí a ti Amẹ́ríkà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí a fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni wá láti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n bi wá bóyá a ṣì ní ilé kankan lọ́hùn-ún, pé ẹni tí kò bá ní kò nílò ìwé ìrìnnà mọ́. Urho ní a kò ní nǹkan kan, ó sì fọwọ́ sí i. Èmi ò tíì fọwọ́ sí i. Mo ní Elvi ń wúkọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n tọ́jú rẹ̀ ná. Òótọ́ ni, ó ń wúkọ́. Wọ́n fún mi di oṣù Kẹfà. Aládùúgbò wa méjì ti kúrò ní yàrá wọn. Ìkòkò ọbẹ̀ wọn ṣì wà lórí ààrò.

Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí mi, ẹ máa kọ nípa ojú ọjọ́.

Impi


Kettle Ridge
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹrin, 1934

Impi ọmọ mi,

Ojú ọjọ́ dára níbí. Yìnyín ti yọ́, ẹrẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà. Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, mo sì kà á títí mo fi gbọ́ ohun tí o sọ. Mo kí ẹni yòówù tó bá kọ́kọ́ ṣí èyí kó tó dé ọwọ́ rẹ. Ó lè kà á. Ọ̀rọ̀ ẹbí lásán ni.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ san gbèsè ìdáhùn tí mo jẹ ọ́. Kò sí ẹni tó gbé bàbá rẹ wálé. Yìnyín mu wá dé àyà lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ilé ìwòsàn dé ẹ̀yìnkùlé wa, ó gba ọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n tó lè fi ọmọlanke orí yìnyín fà á. Mo jókòó, mo ń ka àwọn tí mo lè pè. Niemi. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lahtela. Ọkọ rẹ. Orúkọ tí mo bá ti dá, inú ọkọ̀ ojú omi tó gbé yín lọ ló wà. Isak nìkan ló kù, ẹsẹ̀ kan ni Isak sì ní. Àwọn àjèjì tí ń tọ́jú òkú ló wẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ kan tí n kò mọ òórùn rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jẹ́ kí n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, Impi, láàárín ọmọ ìka gbogbo. N kò kọ ọ́ sí ọ nítorí n kò fẹ́ kí o ro ara rẹ mọ́ àwọn tí mo kà. Ṣùgbọ́n o ta kú pé o fẹ́ mọ̀.

Ó tán. Ọ̀rọ̀ kejì nìyí. Mo ti ṣàṣìṣe nínú àwọn lẹ́tà mi ìṣáájú. Ọ̀fọ̀ dà mí lọ́kàn rú, mo pe ilé rẹ ní ohun tí kì í ṣe. Ilé ni. Inú rẹ̀ la gbé, inú rẹ̀ la bí ọ sí, ìwọ ló ni ín. Má bá mi jiyàn lórí rẹ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ìlú pẹ̀lú Isak. Ìyáàfin Thorndike wà níbẹ̀. Ó ní, “Ṣé ọmọ yín ti fọwọ́ sí ìwé ọrẹ náà?”

Mo ní, “Kì í ṣe ọrẹ. A ó yá yín ni, èmi ìyá rẹ̀ sì lè fọwọ́ sí ìyẹn.”

“Yíyá kẹ̀? Ta ló ń yá ìlú ní ilé?”

Isak fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ pè é ní ilé àkọ́kọ́, Ìyáàfin. Àbí àkísà ni ilé àkọ́kọ́, tí olówó rẹ̀ yóò kàn jù sílẹ̀?”

“Títí di ìgbà wo la ó fi yá a?”

Mo ní, “Títí ọmọ mi yóò fi dé. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ẹ kọ ọjọ́ tí a bí i níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé ilé gbígbé ni, kí ẹ sì lu èdìdì ìlú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Akọ̀wé gbé Bíbélì jáde. Ó ní, “Ṣé o búra pé ilé gbígbé ni?” Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo rántí bàbá rẹ, ẹni tí kò jẹ́ kí n sọ pé ara mi ò yá rí nítorí àti sá fún ìpàdé ìyá ìjọ. Mo ní, “Mo búra.”

Wọ́n tú u lánàá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ìtì kọ̀ọ̀kan, òjò sì fọ gbogbo rẹ̀ dànù kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán. Isak ló jókòó sórí àpótí, ó fi àáké gé àmì sára wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń bú wọn bí ó ti ń gé e: “Ìran wo lẹ ti jáde, tí ẹ ń fi ẹfun kọ̀wé sára igi tútù?” Wọ́n ti gbẹ́ pátákó tí yóò wà níwájú rẹ̀. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni pé, ilé àkọ́kọ́ ní Kettle Ridge nìyí, ìdílé Ylinen ló gbé inú rẹ̀.

Ẹ̀dà ìwé náà wà nínú àpò yìí. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Onílé ni ọ́. Bí wọ́n bá tún bi ọ́ bóyá o ní ilé níbí, má ṣe dá wọn lóhùn bí ọkọ rẹ ṣe dá wọn lóhùn. Gbé ìwé sórí tábìlì wọn.

Ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Saima


Helsinki
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje, 1934

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ibí, lẹ́yìn ààlà, ní ilẹ̀ tí ẹ̀yin àti Bàbá ti ṣí lọ, ni mo ti lè kọ̀wé sí yín láìwẹ̀yìn. Èmi àti Elvi dé lánàá. Ọkọ̀ ojú omi wa yóò gbéra ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ikọ́ rẹ̀ ti ń lọ. Ó jẹ búrẹ́dì títí inú fi ń run ún.

Wọ́n ti ṣí àpò lẹ́tà yín kó tó dé ọwọ́ mi, wọn ò tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Mo kà á tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi ń bi yín ta ló wẹ Bàbá, àṣé inú yàrá mi gan-an ni àwọn tí ì bá gbé e wálé ti máa ń wá mu tíì. Ẹ forí jì mí, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ fọ ẹsẹ̀ Bàbá.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbé e sókè sójú fèrèsé, ó ń wo èdìdì.

“Tìẹ ni ilé yìí?”

“Tèmi ni.”

“Yàrá mélòó?”

“Ẹyọ kan.”

“Ta ló ń gbé ibẹ̀?”

“Kò sí. Ìlú ló yá a lọ́wọ́ mi.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wọlé. “Wá wo ìyá onílé! Odidi ìlú ni ayálégbé rẹ̀, ó sì wá síbí ó ń pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́.” Wọ́n bú mi títí. Wọ́n ní jẹgúdújẹrá ni mí, wọ́n ní mo wá jẹ oúnjẹ tálákà. Mo dorí kodò, mo ń gba èébú náà bí ẹni ń gba ẹ̀bùn. Lẹ́yìn náà ó bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, láìrẹ́rìn-ín: “O lè búra pé ilé gbígbé ni?” Mo búra, Màmá. Ohùn mi kò tilẹ̀ yẹ̀. Ó ju ìwé ìrìnnà mi sórí tábìlì, orúkọ Elvi sì wà nínú rẹ̀.

Urho kò rí tirẹ̀ gbà. Ó ti fọwọ́ sí ìwé wọn. Ó sìn wá dé ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń ṣe bí aláwàdà bó ti máa ń ṣe. Ó ní, “Màdáámù onílé, ẹ má lé mi jáde o, màá sanwó ilé.” Elvi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ̀ yí ni mo rí i tó ń sáré tẹ̀ lé wa, ó sì ti bọ́ fìlà rẹ̀ lórí.

Ó ní òun yóò padà lọ bá wọn ní ìgbà ìwọ́wé. Òun yóò ní òun gbàgbé ni, pé òun àti ìyàwó òun jọ ní ilé kan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ̀wé sí Kettle Ridge láti wádìí.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín. Mo rántí gbogbo ohun tí mo kọ nípa irọ́. Ẹ ya àwọn lẹ́tà yẹn. Ẹ sọ fún Isak kó má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ṣe àwàdà fún àwọn àlejò mọ́. Bí ọmọdé kan bá dúró níwájú ọgbà tó béèrè ohun tó jẹ́, ilé ni kí ẹ sọ fún un. Bí àwọn ènìyàn wa bá ń bínú sí pátákó yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sì mú ọ̀bẹ lọ síbẹ̀ láti lọ kọ òtítọ́ sí i, ẹ dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ilé títí Urho yóò fi dé.

Impi ọmọ yín